“Dissent”: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ẹni tí Kò Fohùn sí Ìpinnu

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ṣì wọ́n lò, ẹ̀rín lásán ni àwọn olùgbọ́ yóò fi í rín. Àwọn mìíràn wà tí àṣìlò wọn lè ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ọ̀kan nínú irú èyí ni “dissent”, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a máa ń bá pàdé nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, nínú ìròyìn ilé-ẹjọ́, àti nínú ìwé tí ìgbìmọ̀ olùwádìí máa ń kọ ránṣẹ́ sí ìjọba. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ tàbí ti ìgbìmọ̀ ìlú tí kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú yóò pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn máa ń gbà wọlé.

Kí a fi ìpàdé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó péjọ ní abúlé kan. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá kí wọ́n fi owó ìfipamọ́ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí kí wọ́n fi tún àká tí wọ́n ń kó kòkó sí kọ́. Ìgbìmọ̀ ẹni mọ́kànlá ni. Mẹ́wàá ní kí a ra ọkọ̀. Àgbà kan ṣoṣo dìde, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ tiyín. Èmi kò fohùn sí ọkọ̀ yìí. Òjò ọdún tó kọjá wọ inú àpò kòkó wa, gbogbo yín ni ẹ rí i. Àká ni ì bá kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pinnu, n kò ní dí yín lọ́wọ́, n ó sì san èyí tó kàn mí. Akọ̀wé, jọ̀wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò tèmi yàtọ̀.” Akọ̀wé dáhùn pé, “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìwé náà yóò lọ sí ọ́fíìsì ní ìlú ńlá. Ohun tí ó kọ ni pé Bàbá “refused the decision of the committee”.

Ọ̀gá tí yóò ka ìwé náà ní ọ́fíìsì kò sí níbi ìpàdé. Kò gbọ́ ohùn Bàbá, kò sì mọ ìwà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí ìwé nìkan ni ó rí. “Refused” yóò sọ fún un pé ọkùnrin kan wà ní abúlé náà tí ó kọ ìpinnu ẹgbẹ́, bóyá tí kò sì fẹ́ san owó rẹ̀, bóyá olórí kunkun tí ó yẹ kí a pè kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá kò kọ ohunkóhun. Ó sọ èrò rẹ̀, ó jókòó, ó sì ti ṣèlérí owó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akọ̀wé ṣì lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sọ àgbà onísùúrù di ọlọ̀tẹ̀. “Dissented” ni ì bá kọ.

Kí ni “to dissent”, nígbà náà? Òun ni kí ènìyàn tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwùjọ kan sọ ọ́ jáde pé èrò òun yàtọ̀ sí èyí tí àwùjọ náà gbà, tàbí tí àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbà. Ẹni tí ó “dissent” gbọ́dọ̀ jẹ́ ara ilé. Àlejò tí ó ń gba ojú ọ̀nà kọjá kò lè “dissent” nínú ìpàdé tí kò bá wọn dá sílẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìpinnu tàbí èrò kan ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lé lórí, kì í ṣe ènìyàn kan tí inú ń bí i sí. Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìjà nínú. Ẹni tí ó “dissent” lè ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kí ó sì bá àwọn tí ó borí rẹ̀ jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. “Sentire” ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe kí ènìyàn mọ nǹkan lára, tàbí kí ó ní èrò kan lọ́kàn. “Dis” ń fi ìyàsọ́tọ̀ hàn. Bí a bá so wọ́n pọ̀, èrò tí ó yà sọ́tọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Ìdílé ọ̀rọ̀ yìí tóbi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni òǹkàwé sì ti mọ̀. “Assent” ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò nígbà tí Gómìnà bá fọwọ́ sí àbá òfin tí ilé aṣòfin gbé síwájú rẹ̀. “Consent” ni ìyọ̀ǹda, irú èyí tí dókítà máa ń bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án. “Resent” pàápàá, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn di nǹkan sínú kí ó sì máa bínú nítorí rẹ̀, ọmọ ìyá wọn ni. Ó dára kí a fi “resent” àti “dissent” sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a wò wọ́n dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe èkíní tí ó sì rò pé èkejì ni òun ń ṣe.

Ọ̀nà tí èdè Yorùbá gbà wo ọ̀ràn náà kò rí bákan náà. Nígbà tí Látìn ń wo inú ọkàn, ẹnu àti ohùn ni Yorùbá ń wò. A ní wọ́n fohùn ṣọ̀kan. A ní ẹnu wọn kò lórí ọ̀rọ̀ náà. A ní lágbájá fohùn sí i. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ túmọ̀ “dissent” láì ba adùn rẹ̀ jẹ́, ó sàn kí a ní “kò fohùn sí i”, tàbí kí a ní “ó sọ ọ́ pé èrò òun yàtọ̀”. “Ó kọ̀” ti le jù. “Ó takò wọ́n” ti mú ìjà wọ̀ ọ́. “Ó ṣọ̀tẹ̀” jẹ́ irọ́ pátápátá. “Ó jiyàn” sì kéré jù, nítorí ìyàn lè parí kí a sì gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n “dissent” máa ń fẹ́ kí a kọ òun sílẹ̀.

Pé Yorùbá fi ohùn ṣe ìpìlẹ̀ yìí tún kọ́ni ní nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin tí kò la ẹnu, tí ó wá ń ráhùn fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé òun kò fẹ́ ohun tí wọ́n ṣe, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò “dissent” rárá. Ó lè “disagree” nínú ara rẹ̀; kò sí ẹni tí ó lè dí i lọ́wọ́. Ó sì lè “resent” títí ọdún yóò fi yípo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tí ará ẹgbẹ́ sì ń bèèrè ẹni tí ó fọwọ́ sí i, ìwé ìpàdé yóò ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó gbà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

“Disagree” ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jù nínú gbogbo wọn. Ọmọdé méjì lè “disagree” lórí eré, tọkọtaya lè “disagree” lórí iye owó ọbẹ̀, kódà oúnjẹ tí kò bá ènìyàn lára mu, Gẹ̀ẹ́sì a ní ó “disagrees with” onítọ̀hún. “Object” ni kí a dìde kí a ní kí nǹkan má ṣẹlẹ̀, ó sì sábà máa ń wáyé kí ìpinnu tó ṣẹ́. “Protest” ní ariwo nínú. “Oppose” ni kí a dúró lójú ọ̀nà nǹkan kí ó má baà kọjá. “Decline” ni kí a fi ọ̀wọ̀ kọ ohun tí a fi lọ̀ wá, “refuse” sì ni kí a kọ̀ ọ́ láìbojúwẹ̀yìn. “Secede” àti “withdraw” jẹ́ ti ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1975 àti 1976 tí ó fi ìyàtọ̀ méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí hàn ju bí ìwé atúmọ̀-èdè ti lè ṣe é lọ. Ìjọba ológun ìgbà náà yan àádọ́ta ènìyàn sí ìgbìmọ̀ tí yóò kọ àbá òfin ìpìlẹ̀ tuntun, Olóyè Rótìmí Williams sì ni alága wọn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nínú àwọn tí a yàn, ṣùgbọ́n kò gbà láti bá wọn jókòó, mọ́kàndínláàádọ́ta ni ó sì ṣe iṣẹ́ náà. “Declined” ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí ohun tí Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣe: kò wọ ilé náà, nítorí náà kò lè “dissent” nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ìtàn méjì wà nínú ìgbìmọ̀ yìí, Dókítà Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti Dókítà Yusufu Bala Usman ti yunifásítì tí ó wà ní Zaria. (Kì í ṣe Ọ̀ṣọbà oníwèé ìròyìn tí ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́yìn náà ni a ń wí.) Àwọn méjèèjì jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́, nígbà tí ìgbìmọ̀ sì ń parí ìwé rẹ̀, wọ́n rí i pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá ìgbàgbọ́ wọn mu. Wọ́n kọ ìwé tiwọn sọ́tọ̀. “They dissented.” Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “minority report”, ìyẹn ìròyìn àwọn tí ó kéré ní iye.

Lẹ́tà ńlá tún lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì yí díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “Dissenters” ni orúkọ tí a fún àwọn Kristẹni tí kò bá Ìjọ ìjọba, ìyẹn “Church of England”, ṣe ìsìn. Òfin ọdún 1662 pàṣẹ pé kí gbogbo àlùfáà lo ìwé àdúrà kan náà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀wá àlùfáà ni wọ́n sì pàdánù ìjọ wọn ní àwọn ọdún náà nítorí wọn kò lè fi ọkàn kan gbà á. Òfin ọdún 1689 ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn “Dissenters” máa sìn ní gbangba. Àwọn Onítẹ̀bọmi wà lára wọn. Àwọn tí ìyẹn bí ní Amẹ́ríkà ni Thomas Bowen, tí ó mú iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850, ti wá. Òǹkàwé tí ó bá rí “Dissenter” pẹ̀lú D ńlá nínú ìwé ìtàn kò gbọ́dọ̀ rò pé adájọ́ tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ ni a ń sọ.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti rí ibùjókòó rẹ̀ tí ó dára jù. Nígbà tí adájọ́ púpọ̀ bá jọ jókòó lórí ẹjọ́ kan, iye wọn sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, kí ọ̀kan má baà dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ohun tí àwọn tí ó pọ̀ jù bá sọ ni ìdájọ́. Adájọ́ tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kan náà. “Dissenting judgment” ni à ń pè é. Kò lè yí ẹjọ́ náà padà. Ẹni tí ó jẹ̀bi ti jẹ̀bi. Òwe Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí lọ́jọ́ ìdájọ́. Àmọ́ ìwé a máa pẹ́ ju ènìyàn lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, a ṣe òfin kan ní ọdún 1890 pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn aláwọ̀ funfun kò gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Homer Plessy, tí a kà mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, jókòó sí ibi tí a yà fún àwọn aláwọ̀ funfun ní ọdún 1892, a sì mú un. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1896. Adájọ́ méje ní òfin náà kò lòdì sí ìwé òfin ìpìlẹ̀, wọ́n ní ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe àìdọ́gba. Ẹnìkan ṣoṣo, John Marshall Harlan, “dissented”. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọmọ Kentucky ni Harlan, inú ìdílé tí ó ní ẹrú ni a ti bí i. Ó kọ ọ́ pé lójú òfin, kò yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́lá kan àti ẹgbẹ́ ẹni ẹ̀yìn kan wà láàárín ọmọ orílẹ̀-èdè, àti pé òfin kò gbọ́dọ̀ máa wo àwọ̀. Harlan kú ní ọdún 1911, òfin ìyàsọ́tọ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1954, Ilé-Ẹjọ́ kan náà, nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí a mọ̀ sí Brown, fi ohùn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sọ pé yíya àwọn ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní tirẹ̀. Nígbà rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1962, Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀, yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò ní ipò Olórí Ìjọba, ó sì fi Alhaji D. S. Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí àwọn aṣòfin mẹ́rìndínláàádọ́rin fọwọ́ sí ni ó gbé ìgbésẹ̀ náà lé. Òfin ní Gómìnà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá hàn sí i pé Olórí Ìjọba kò ní àtìlẹ́yìn ọ̀pọ̀ aṣòfin mọ́. Ìbéèrè wá dé: ṣé inú ilé aṣòfin nìkan, nípa ìbò, ni èyí lè gbà hàn sí i? Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ní Èkó ní bẹ́ẹ̀ ni. Adájọ́ Brett “dissented”. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ inú òfin kò fi irú okùn bẹ́ẹ̀ so Gómìnà mọ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, àwọn adájọ́ ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fara mọ́ irú èrò tí Brett ní. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yí òfin náà padà, wọ́n sì ní kí àyípadà náà padà sẹ́yìn dé ìgbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, nítorí náà Adégbẹ́nró kò gba ipò náà. Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé ní àkókò yẹn, àwọn adájọ́ Privy Council fúnra wọn kò ní àyè láti kọ èrò tí ó yàtọ̀ jáde. Ohùn kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀, ohunkóhun tí ó wù kí wọ́n ti sọ fún ara wọn nínú iyàrá. Ọdún 1966 ni a tó gbà wọ́n láàyè láti “dissent” ní gbangba.

Èyí tí àwọn àgbà ṣì ń sọ títí di òní ni ti ọdún 1979. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún náà, a dìbò yan Ààrẹ Nàìjíríà. Alhaji Shehu Shagari ni ó ní ìbò jù, Olóyè Awólọ́wọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n iye ìbò nìkan kò tó. Òfin ìdìbò ní ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ni ó wà nígbà náà. Kí òǹkàwé mú pẹ́ńsù kí ó ṣírò rẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12, ó sì ku ìdá méjì nínú mẹ́ta. Shagari ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ méjìlá. Ní ìpínlẹ̀ kẹtàlá, tí í ṣe Kano, nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí, èyí tí kò tó 25.

Àjọ elétò ìdìbò ṣe ìṣirò kan. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan ni ó kù, kí a wo ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano nìkan, kí a sì mú ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn. Lọ́nà yìí, Shagari ti kọjá ààlà. Awólọ́wọ̀ gbé ẹjọ́ náà títí dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, adájọ́ méje sì jókòó lé e lórí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, mẹ́fà nínú wọn dá ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ nù. Ẹnì keje, Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, “dissented”. Lójú rẹ̀, nígbà tí òfin bá pe ìpínlẹ̀, odidi ìpínlẹ̀ ni ó ń pè. Ìpínlẹ̀ kì í ṣe iṣu tí a lè gé ìdá rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí méjìlá kò bá sì tó, mẹ́tàlá ni ó kàn.

Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé ìdájọ́ yìí ni ó fi agbára ọ̀rọ̀-ìṣe náà hàn jù lọ. Shagari jẹ Ààrẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ẹ̀ṣọ́ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì yọ ọ́. Ó padà sí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́fà tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń bá wọn dá ẹjọ́ lọ títí di ọdún 1990 tí ó fẹ̀yìn tì. Kò “refuse” ìdájọ́ ọjọ́ náà, kò “protest”, kò “withdraw”. Àwọn kan ṣì ń jà lórí ẹni tí ó ṣe ìṣirò náà bó ti tọ́, a kò sì lè parí ìjà yẹn nínú ojú ìwé yìí. Ohun tí ó dájú ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹnìkan fi yà kúrò lára mẹ́fà lè ṣí ìwé ẹjọ́ lónìí kí ó sì kà á láti ẹnu ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ó kù bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ó máa ń tẹ̀lé e. Nítorí pé Yorùbá ń sọ pé ènìyàn kò gbà “pẹ̀lú” ẹnìkan, akọ̀wé a máa kọ “dissented with”. Kò tọ́. “From” ni ó ń bá “dissent” rìn: “She dissented from the majority.” “He dissents from that opinion.” A sì lè fi í sílẹ̀ láìfi ohunkóhun tẹ̀lé e: “Two members dissented.” Ṣùgbọ́n kò gba ohun tí ó ń fara gbá ìṣe náà tààrà, kò dà bí “dispute”. A lè ní “He disputed the account”, a kò lè ní “He dissented the account”. “Object” ń fẹ́ “to”, “disagree” ń fẹ́ “with” fún ènìyàn, a sì lè fi “on” tàbí “about” sí i fún ọ̀ràn tí ó fa á.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe ìṣe àti ohun tí a ṣe. “He dissented” àti “his dissent” kò yàtọ̀ ní ìpìlẹ̀. Nínú ìwé ìpàdé, a máa ń rí “carried without dissent”, tí ó túmọ̀ sí pé ìpinnu náà kọjá láìsí ẹni tí ó sọ èrò mìíràn. Ìtumọ̀ èyí súnmọ́ ti “nem. con.”, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Látìn tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ fẹ́ràn púpọ̀, èyí tí ó ń sọ pé kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú “unanimously”. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, tí àwọn mẹ́ta sì dákẹ́ tí wọn kò dìbò rárá, ìpinnu náà kọjá “nem. con.”, àmọ́ akọ̀wé tí ó bá kọ “unanimously” ti fi ọ̀rọ̀ sí àwọn mẹ́ta náà lẹ́nu.

Etí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. “Dissent” àti “descent” jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìyàtọ̀ nínú pípè wọn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. “Descent” ni ìran tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, tàbí sísọ̀kalẹ̀ láti ibi gíga. “Decent”, tí í ṣe ọmọlúwàbí tàbí ohun tí ó bójú mu, yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń tẹ ohùn mọ́ ọn. S méjì ni “dissent” ní. Ẹni tí ó bá rántí “dis” àti “sent” kò ní ṣì í kọ.

Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ti mọ gbogbo èyí, ohun tí ì bá kọ nípa Bàbá kò ju ìlà méjì lọ: “The motion to buy a lorry was carried by ten votes to one. One member dissented, holding that the store should be repaired first, and asked that his dissent be recorded. He will pay his share.” Ọ̀gá ní ọ́fíìsì ì bá ti mọ̀ pé òjò ń wọ àká kòkó ní abúlé náà.